Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Kò Dáhùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó nídìí máìkì, ẹnu mi gbẹ furúfurú. Ìtàn tí mo ti kọ́ sórí láti ilé fò lọ pátápátá. Súmánà, ọmọ Zarma tó ń bójú tó ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ rédíò wa, na ìka sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì pé iná pupa ti tàn, àwọn èèyàn ti ń gbọ́ mi. Ohun tó já bọ́ lẹ́nu mi ni ohun tí bàbá mi fi máa ń tù wá nínú nígbà tí a wà ní kékeré: "Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, fùùùù!" Mo ń ṣe é lọ, mo ń wá ohun tí n ó fi tẹ̀ lé e, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, Dúdúyẹmí ni mí. Ọkọ̀ ojú irin ni mí. Láàárọ̀ yìí, mo sáré kọjá ibi tí wọ́n ní kí n dúró, mo sì lọ forí sọ òkìtì iṣu."

Báyìí ni iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà tẹ́lẹ̀, bí gbogbo ará ilé wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń tà á ní Niamey. Ẹgbẹ́ àwọn òbí Yorùbá ní Lazaret ló lọ bẹ ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní àdúgbò náà pé kí wọ́n fún àwọn ní àyè díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa gbọ́ èdè baba wọn. Wọ́n wá ẹni tó lẹ́nu, wọ́n ní Nímọ́tà lẹ́nu. Alàmísì ni wọ́n fi ètò náà sí, lọ́sàn-án, nítorí ọjọ́ yẹn ni ilé kéwú máa ń sinmi.

Bàbá mi kò bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú aṣọ. Iná ni ó ń dá nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà kí ó tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Niamey. Èédú àti omi ni ọkọ̀ ìgbà náà ń jẹ. Wọ́n á fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná, iná á mú omi hó, ooru omi náà á sì máa ti àwọn ẹsẹ̀ irin lọ síwájú. Bàbá mi ní kò sí méjì nínú wọn tí ìwà wọn bára mu. Èyí kì í fẹ́ kí òjò pa òun, èyí kì í gun òkè àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ kì í, èyí sì máa ń rojọ́ láti Ọ̀fà títí dé Jẹ́bà. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó rò pé àwọn àbúrò rẹ̀ ni.

Inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ti fa àwọn tèmi yọ. Dúdúyẹmí ni ọ̀dọ́ inú wọn, ara rẹ̀ ń dán, kò sì ní sùúrù. Màmá Mínà ni àgbà, ikọ́ ń ṣe é, ṣùgbọ́n òun ló máa ń lọ fa àwọn tó bá há. Ajíṣefínní kéré, kò fẹ́ràn ìdọ̀tí rárá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kí ó máa kó èédú káàkiri ọgbà. Lọ́jọ́ kan Ajíṣefínní ní òun máa wẹ̀, ó lọ dúró sábẹ́ àgbá epo pupa. Lọ́jọ́ mìíràn Dúdúyẹmí mu omi àmujù, ó ń já ooru lójú pópó bí ẹni tó jẹ ẹ̀wà sùn, gbogbo èrò fi aṣọ bomú.

Agolo mílíìkì tí mo da ìrẹsì sínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi. Abọ́ irin tí mo fi síbí lù ni irin tó ń kan irin. Ooru omi, ẹnu mi ni, mo máa ń sún mọ́ máìkì kí n tó mí jáde. Fèrè ló le jù. Mo fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kọ́ ọ nínú ilé, títí obìnrin tó bá wa pín ọgbà fi wá bi ọmọ mi bóyá ara mi yá.

Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ mi kò rí ọkọ̀ ojú irin rí. Irin wà nílùú lóòótọ́, wọ́n tẹ́ ẹ, ó dán, ó sì gùn, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ló ń rìn lórí rẹ̀ ju ọkọ̀ lọ. Èdè Yorùbá náà kò dán lẹ́nu wọn. Wọ́n á pe fóònù wa lẹ́yìn ìtàn, wọ́n á da Zarma àti Hausa àti Faransé pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ kan bi mí rí pé, "Tántí, jirgi yẹn, ṣé ó ti fàtígé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ lọ sùn. Ó ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́," ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún ara rẹ̀, ó sì pa fóònù.

Èmi kì í sinmi lórí iṣẹ́ yìí. Mo lè wà lọ́jà kí n máa sọ̀rọ̀ bí Màmá Mínà sí oníbàárà. Nítorí náà, nígbà tí wàhálà dé, ara tí kò balẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló bá.

Mo ti fi Dúdúyẹmí sílẹ̀ lórí afárá Jẹ́bà lọ́sẹ̀ náà. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ kúrò lórí irin, ó há síbẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Ó di Alàmísì tó ń bọ̀, ẹ̀yin ọmọ." Ní ọjọ́ Ajé, Àlàájì Gàníyù, alága ẹgbẹ́ àwọn òbí, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Nímọ́tà, Àáfà Yàkúbù ní kí o dá ọkọ̀ yẹn dúró."

"Ó ti dúró, Àlàájì. Orí afárá ló wà."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Ó ní o ń kọ́ àwọn ọmọ ní irọ́. Bí ó bá di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ní òun máa bá gbogbo wa sọ ọ́."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àáfà Yàkúbù ti pẹ́ ní Lazaret. Ọmọ Ìlọrin ni, àgbàlagbà, òun ló sì kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òbí wọ̀nyẹn fúnra wọn ní kéwú kí ó tó kan ọmọ wọn. Bí ó bá sọ pé ètò náà kò dára, kò sí bàbá tó máa tan rédíò. Ẹgbẹ́ á ní àwọn kò ṣe mọ́, ilé iṣẹ́ rédíò á sì fi orin dí àyè mi.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wàláà wọn, bí wọ́n sì ti rí mi, ẹnì kan ní ẹ̀yìn ṣe "fàkà-fìkì" wẹ́rẹ́. Àáfà gbójú sókè, ó fọwọ́ kan pàṣán rẹ̀, gbogbo wọn sì dorí kodò. Mo kúnlẹ̀.

"Àáfà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìwọ ni onírélùwéè."

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ kan bi mí lánàá pé bí ọkọ̀ tó há sórí afárá Jẹ́bà bá já sómi, ṣé ó máa wọ àlùjánnà. Kí ni kí n sọ fún un?"

Ẹ̀rín gbọ̀n mí níkùn, mo mú un mọ́ra. "Ẹ sọ fún un pé ìtàn ni, sà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kì í ṣe ìtàn, pé òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní kí n gbàdúrà fún un, kí Màmá Mínà tètè dé." Ó wò mí. "Irin kì í sọ̀rọ̀, Nímọ́tà."

"Àáfà, èèrà sọ̀rọ̀ láyé Ànábì Sùlẹ́mọ́nù."

"Ọlọ́run ló fún èèrà lóhùn. Ta ló fún irin?"

"Èmi ni," ni mo sọ, kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ní kí wọ́n máa ka ìwé wọn, ó sì gba wàláà ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé mo ti lọ. Mo dìde, mo lọ.

Ẹsẹ̀ mi ò gbé ibì kan. Mo gba orí afárá Niamey kọjá sí Lamordé lódìkejì odò láti lọ kí ìyàwó àbúrò mi, ṣùgbọ́n mi ò jókòó nílé rẹ̀, mo padà. Mo ronú pé n ó sọ Dúdúyẹmí di mùsùlùmí, kí ó máa kírun kí ó tó gbéra, mo wá rí i pé kò ní eékún tó máa fi foríkanlẹ̀. Mo ronú pé n ó pa gbogbo wọn tì, kí n máa sọ ìtàn ìjàpá. Ìjàpá náà ń sọ̀rọ̀. Ta ló fún un lóhùn?

Gamkalley ni mo ti wá dúró, lóko ẹ̀gbọ́n mi Ràbí, ẹni tó ń gbin ewébẹ̀ létí odò. Mo ń rojọ́, mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín ebè.

"Jókòó, Nímọ́tà. O ń tẹ ewébẹ̀ mi mọ́lẹ̀."

Mo jókòó sórí garawa tí ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti Àáfà sọ fún un. Ó ń fa koríko, kò wò mí.

"Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ rédíò á pa á," ni ó ní. "Ṣùgbọ́n Àáfà mọ̀ pé orí afárá Jẹ́bà ni ọkọ̀ rẹ há sí. Ó mọ Màmá Mínà. O ò rí i pé ó ń gbọ́?"

"Bóyá ọmọ ló sọ ọ́ fún un."

"Bóyá. Lọ bi í ohun tí rélùwéè fi ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ, mo tún padà síbẹ̀. Àáfà nìkan ló wà, ó ń rán etí ẹní tó ti já. Mi ò mọ bí a ṣe ń bi àgbàlagbà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo kàn kúnlẹ̀, mo sì bi í.

"Àáfà, ẹ dárí jì mí. Kí ni ọkọ̀ ojú irin fi ṣe yín?"

Ó rán ẹní náà lọ. Nígbà tó yá, ó ní:

"Ilé wa kò jìnnà sí ojú irin ní Ìlọrin. Obì ni ìyá mi ń tà. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kánò, ó ní òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í bá ọmọdé sọ irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ tó gbé e, àpá kan wà níwájú rẹ̀ bí ibi tí màlúù ti kàn án. Mo máa ń lọ dúró dè é. Ọjọ́ tó padà dé, mo sún mọ́ ọn, mo bi í pé, 'Níbo lo gbé ìyá mi lọ?'"

Ó fa okùn náà, ó já a.

"Kò dáhùn. Ó tú ooru sí mi lójú, ó fọn fèrè, ó lọ. Mo ti ń dàgbà kí wọ́n tó sọ fún mi pé Saria, lójú ọ̀nà Kánò, ni àìsàn ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló sì sin ín. Èmi wá ìlú tí kò ní rélùwéè láti gbé, ni mo fi dé Niamey. Wọ́n wá tẹ́ irin síbẹ̀. Mo ní kò burú, ọkọ̀ kì í gba orí rẹ̀. Ìwọ wá gbé e wọ inú rédíò, o ní ó ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ aráyé ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi bi í, kò dáhùn."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. "Àáfà, lọ́la, mo lè jẹ́ kí ó dáhùn."

"Rárá!" Mi ò gbọ́ kí ó pariwo bẹ́ẹ̀ rí. "Kò dáhùn. Bí o bá máa sọ ọ́, sọ ọ́ bí ó ṣe rí."

"Ṣé ẹ gbà kí n sọ ọ́ nìyẹn, sà?"

"Wọ́n ti ń pe ìrun, Nímọ́tà. Máa lọ sílé."

Mo lọ sílé láìmọ̀ bóyá wọ́n ti fún mi láṣẹ tàbí wọ́n ti lé mi. Mo se ọbẹ̀, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ mi jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Ní Alàmísì, mo ti dé ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Súmánà bi mí bóyá ọkọ̀ máa bọ́ lórí afárá lónìí, nítorí àwọn ọmọ tirẹ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá náà ti ń béèrè. Mo ní ó máa bọ́. Iná pupa tàn. Màmá Mínà wúkọ́ dé, ó so okùn mọ́ Dúdúyẹmí, ó fà á, ó bú u láti Jẹ́bà títí dé Ìlọrin. Mo ṣe ohùn àwọn méjèèjì, mo gbọn agolo mi. Ìyẹn dùn, ó sì rọrùn.

Lẹ́yìn náà ni mo ní ọmọbìnrin kékeré kan dúró ní ibùdókọ̀. Mo ní ó ti ń dúró láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní ó rìn títí dé iwájú Dúdúyẹmí, ibi tí ooru ti ń jáde, ó gbójú sókè, ó sì bi í pé, "Níbo lo gbé ìyá mi lọ?"

Mo sì dákẹ́.

Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ rédíò rí kò lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lójú ọjà, ẹni tó bá dákẹ́ ń sinmi ni. Lórí rédíò, bí o bá dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ rò pé iná ti lọ, tàbí ẹ̀rọ ti bàjẹ́, á sì yí i sí ibòmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí Súmánà kọ́ mi ni pé kí n má ṣe jẹ́ kí àyè ṣófo. Nísinsìnyí ó ti dìde. Ó ń yí ọwọ́ lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fi ìka gún etí ara rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ orin pé ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́. Mo mi orí pé rárá. Mo gbọ́ ìmí ara mi. Gbogbo ohùn tí mo ní ń gún mi lọ́fun, ti Dúdúyẹmí, ti Màmá Mínà, kálukú wọn ní ohun rere tí ó fẹ́ sọ fún ọmọ náà. Mo fi eyín dì wọ́n mú.

Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Dúdúyẹmí kò dáhùn. Ó fọn fèrè, ó lọ. Ọmọbìnrin náà dúró títí èéfín fi tán, ó sì padà sílé. Ìtàn tòní nìyẹn."

Súmánà ṣílẹ̀kùn. "Tántí, o fẹ́ pa mí," ni ó ní, àmọ́ fóònù ti ń dún.

Ọmọ kan ní kí ló dé tí kò fèsì. Mo ní mi ò mọ̀. Ọmọ mìíràn ní ṣé Dúdúyẹmí mọ ibẹ̀ ni àbí kò mọ ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ń sunkún, ó ń bi mí ibùdókọ̀ náà ní Hausa àti Yorùbá pé, "Tasha wo? Tasha wo ló sọ̀ sí?" Mo ń sọ fún un pé mi ò mọ̀, nítorí kì í ṣe èmi ló ni ín láti sọ. Mo ní kí Súmánà gba ẹnì kan sí i kí a tó parí.

Kì í ṣe ọmọ ló wà lórí fóònù. Ohùn àgbàlagbà ni, ó kọ́kọ́ fi sálámà kí wa.

"Ẹ sọ fún ọmọ tó ń sunkún yẹn," ni ohùn náà ní. "Saria ni. Saria ni ìyá náà sọ̀ sí. Àìsàn ló mú un. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Ọkọ̀ náà kò mọ̀. Ó ti lọ sí Kánò kó tó ṣẹlẹ̀." Ó tún fi kún un pé, "Àsíátù ni orúkọ rẹ̀."

Ó pa fóònù. Súmánà kò gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó rọra tẹ orin.

Ọjọ́ Jímọ̀ gùn. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń ká aṣọ kan náà, mò ń tú u. Lẹ́yìn ìrun, Àlàájì Gàníyù wá, ó sì jókòó lọ́jọ́ yìí. Ó ní nígbà tí wọ́n kírun tán, Àáfà dìde, gbogbo wọn sì ń retí ọ̀rọ̀ rédíò. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣàdúrà fún ìyá òun, Àsíátù, tó kú sí ìrìn àjò. Wọ́n ṣe é, gbogbo mọ́sálásí ṣe àmín. Nígbà tó ti wọ bàtà rẹ̀, Àlàájì sún mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní, 'Àáfà, ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ńkọ́?'"

"Kí ló wí?"

"Ó ní, 'Rédíò wo?' Ó sì bá tirẹ̀ lọ."

Iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe. Dúdúyẹmí ti kó wọ ẹrẹ̀, ó ti gbé màlúù dípò èrò, ó ti gbàgbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sí Ọ̀fà. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan nínú wọn kì í pè mí láti béèrè ọmọbìnrin ibùdókọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún wọn pé ó ti dàgbà, ó rìn jìnnà sílé, ó sì ti di olùkọ́.

Ọmọ tó pè náà ronú sí i. Ó ní, "Tántí, ṣé ó máa ń na ọmọ?"

Mo ní, "Kì í fi bẹ́ẹ̀ nà wọ́n mọ́."